Ìfọwọ́sọ̀rọ̀ nínú Kíkọ́ Èdè Àkọ́kúntẹni: Iṣẹ́ Marianne Gullberg àti Ẹ̀kọ́ tí Ó Ní fún Àwọn Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìfẹ́ orírun ni òwe yìí kọ́kọ́ ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn tó ni èdè yìí ti mọ̀ pé ọwọ́ ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń júwe ilé kò fi ẹnu nìkan júwe. Ọwọ́ tí ó nà, ibi tí ó nà án sí, àti bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ tó ń rán sí olùgbọ́. Síbẹ̀, bí a bá ń kọ́ àlejò ní èdè Yorùbá, tàbí tí a bá ń dán an wò láti mọ ibi tí ó gbọ́ ọ dé, ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde àti ohun tó kọ sílẹ̀ nìkan ni a sábà máa ń gbé lé òṣùwọ̀n.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni pé òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò pé. Akẹ́kọ̀ọ́ lè lo ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà nígbà tí ìtumọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ ṣì jẹ́ ti èdè abínibí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sì tú àṣírí náà. Ẹ̀rí fún èyí pọ̀ nínú iṣẹ́ Marianne Gullberg, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ èdè àti ọpọlọ ní Yunifásítì Lund, ní orílẹ̀-èdè Swídìn. Ní 1998 ni iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé jáde. Ó dá lé bí àwọn ará Swídìn tó ń kọ́ èdè Faransé àti àwọn ará Faransé tó ń kọ́ èdè Swídìn ṣe ń lo ọwọ́ bí wọ́n bá ń sọ ìtàn. Lẹ́yìn náà, ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìwádìí Max Planck tó wà ní ìlú Nijmegen ní Nẹ́dálándì, kí ó tó padà sí Lund. Àpilẹ̀kọ yìí yóò yẹ díẹ̀ wò nínú iṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì bi í léèrè ohun tí èyí túmọ̀ sí fún kíkọ́ni ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kúntẹni.

Ohun tí ìfọwọ́sọ̀rọ̀ jẹ́

Ó yẹ kí a ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni èdè àwọn adití, tí ó jẹ́ èdè gidi, tí ó ní gírámà tirẹ̀. Èkejì ni àmì ọwọ́ tí gbogbo àwùjọ ti fẹnu kò lé lórí. Bí Yorùbá kan bá gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú tí ó fi ọwọ́ yí orí ká, kò ní láti la ẹnu kí àwọn tó wà níbẹ̀ tó mọ̀ pé ó ń ti ibi dànù. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ tó ń bá ọ̀rọ̀ rìn: ó ń ya àwòrán ohun tí ẹnu ń sọ, ó ń tọ́ka sí ibì kan, tàbí ó ń lu ìlù ọ̀rọ̀ náà. Irú kẹta yìí kò ní ìtumọ̀ kan pàtó bí kò bá sí ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní ìfọwọ́sọ̀rọ̀.

Àwọn onímọ̀ méjì tó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí lélẹ̀ ni Adam Kendon àti David McNeill. Nínú ìwé tí McNeill ṣe ní 1992, ó jiyàn pé inú èrò kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ àti ọwọ́ ti ń jáde. Bí ọ̀rọ̀ McNeill bá jẹ́ òtítọ́, a ó retí pé èdè tí ènìyàn ń sọ yóò hàn ní ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí Sotaro Kita àti Aslı Özyürek rí nìyẹn nínú iṣẹ́ wọn tó jáde ní 2003. Wọ́n fi àwòrán-ẹ̀fẹ̀ kan han àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Jàpáànù àti Tọ́kì. Nínú rẹ̀, ológbò kan di okùn mú, ó sì fi í fì láti ilé kan lọ sí ilé kejì. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tó sọ pé ọ̀nà tí ológbò náà gbà tẹ̀ bí ọrun. Jàpáànù àti Tọ́kì kò ní irú rẹ̀. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ ya ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun, ṣùgbọ́n láàrin àwọn tó ń sọ èdè méjì yòókù, àwọn tó fi ọwọ́ ya ọ̀nà tààrà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù kan náà ni gbogbo wọn wò. Èdè wọn ló yàtọ̀.

Ṣé ọ̀pá ìtilẹ̀ ni ọwọ́?

Èrò tó wọ́pọ̀ láàrin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ọwọ́ kò ju ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ: bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, ọwọ́ á gba ipò rẹ̀. Iṣẹ́ Gullberg ní 1998 fi hàn pé èyí máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni iṣẹ́ ọwọ́ tó gbilẹ̀ jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń fi ọwọ́ ran ara wọn lọ́wọ́ níbi tí gírámà ti le, wọ́n sì ń fi í sọ fún olùgbọ́ pé àwọn ṣì ń wá ọ̀rọ̀, kí ó má tíì já a gbà lẹ́nu àwọn.

Iṣẹ́ kan tí òun àti Maria Graziano gbé jáde ní 2018 tún fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó ń sọ èdè abínibí wọn wò, pẹ̀lú ti àwọn ọmọdé tó ṣì ń kọ́ èdè abínibí àti ti àwọn àgbà tó ń kọ́ èdè àkọ́kúntẹni. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣàn ni ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró, ọwọ́ náà sábà máa ń dúró. Bí ọwọ́ bá jẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ lásán, ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀ gan-an ni à bá ti rí i.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ti títọpa ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí nínú ìtàn. Ẹni tó gbọ́ èdè dáadáa á kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀dá ìtàn, lẹ́yìn náà á lo ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì jinlẹ̀ máa ń tún orúkọ náà sọ léraléra: obìnrin náà dìde, obìnrin náà mú àpò, obìnrin náà jáde. Bí ó ti ń tún un sọ ni ọwọ́ rẹ̀ ń padà sí ojú kan náà ní afẹ́fẹ́, bí ẹni pé ó ti fi obìnrin náà jókòó síbẹ̀. Ní 2006, Gullberg lo akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìndínlógún tó ń sọ Dutch, tí wọ́n ń kọ́ Faransé, láti wádìí bóyá nítorí olùgbọ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn olùgbọ́ ń rí wọn, nígbà mìíràn kò rí wọn. Àtúnsọ orúkọ kò yí padà, ọwọ́ pàápàá kò sinmi. Ohun tó yí padà ni bí wọ́n ṣe ń lo ojú afẹ́fẹ́ tí ọwọ́ ń yàwòrán sí. Èyí fi hàn pé ọwọ́ ń sin ọ̀gá méjì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ àti ẹni tó ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Arọ́pò-orúkọ “ó” kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí èdè abínibí rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń sọ ìtàn ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kò ní ìrànlọ́wọ́ tó mọ̀ lára mọ́. Ó lè má a pe orúkọ títí tí etí olùgbọ́ á fi kún. Olùkọ́ tó bá ń wo ọwọ́ rẹ̀ á mọ̀ bóyá ẹ̀dá ìtàn méjèèjì ti dàrú mọ́ ọn lójú, tàbí pé ó mọ ẹni tí ó ń sọ, tí ó sì jẹ́ pé “ó” nìkan ni kò tíì fọkàn tán.

Ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà, ìtumọ̀ tí kò tíì yí

Ibi tí iṣẹ́ Gullberg ti wúlò jù fún ìjíròrò yìí ni ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ mọ́ gbígbé nǹkan sí ibì kan. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe gbogboogbò kan fún èyí, Faransé náà ní tirẹ̀. Èdè Dutch kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ yàn láàrin “zetten” àti “leggen”: ti àkọ́kọ́ wà fún ohun tó dúró lórí ìdí rẹ̀, ti èkejì wà fún ohun tó dùbúlẹ̀. Kí ènìyàn tó lè yàn, ó gbọ́dọ̀ kíyè sí bí ohun náà ṣe rí. Àfiyèsí yìí hàn ní ọwọ́ wọn. Bí àwọn abínibí Dutch bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn sábà máa ń ká bí ẹni pé ohun náà wà nínú rẹ̀. Ní ti àwọn abínibí Faransé, ọ̀nà tí ohun náà gbà lọ ni ọwọ́ wọn sábà máa ń fi hàn.

Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bá ń kọ́ Dutch? Gullberg dáhùn ìbéèrè yìí nínú iṣẹ́ tó jáde ní 2009. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì ṣòro fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ kan tí wọn yóò fi ṣe gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kò yani lẹ́nu. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rọ̀-ìṣe tó tọ̀nà pàápàá, ọwọ́ wọn sábà máa ń fi hàn pé ìtumọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ẹnu ti dé Nẹ́dálándì, ọkàn ṣì wà nílé. Ṣùgbọ́n ìrètí wà: àwọn tí wọ́n ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe náà bó ti yẹ jù ni ọwọ́ wọn súnmọ́ ti àwọn abínibí jù. Ìyípadà ìtumọ̀ ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ sì ni ibi tí a ti lè tọpa rẹ̀.

Ìpààrọ̀ náà kò sì lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tí Amanda Brown àti Gullberg ṣe ní 2008 lórí àwọn ará Jàpáànù tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níwọ̀nba fi hàn pé bí wọ́n bá ń sọ Jàpáànù pàápàá, ọ̀rọ̀ àti ọwọ́ wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn tó gbọ́ Jàpáànù nìkan. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré, èyí kọ́ wa láti má yára sọ pé èdè ti bàjẹ́ lẹ́nu ẹnì kan. Èdè méjì tó ń gbé inú ọkàn kan kò lè ṣàì ya nǹkan lọ́wọ́ ara wọn.

Gbé, mú, kó

Àfiwé tó bá èyí mu wà nínú Yorùbá gẹ́lẹ́. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo sọ pé kí a mú ohunkóhun wá. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. A ń mú síbí wá, a ń gbé àga wá, a ń kó àwọn ìwé wá, a ń bu omi wá, a sì ń fa ewúrẹ́ wá. Igi tí a gbé lé orí, a rù ú ni; ọmọ tó wà lẹ́yìn, a pọ̀n ọ́n ni. Ìwọ̀n ohun náà, iye rẹ̀, bóyá ó ń ṣàn tàbí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, àti ẹ̀yà ara tó ru ẹrù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan, tí àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe á wá fi “wá” tàbí “lọ” kún.

Nínú kíláàsì, olùkọ́ sábà máa ń kọ́ni ní “gbé” àti “kó” bí ẹni ń kọ́ni ní ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ há a sórí, ó sì yege nínú ìdánwò. Ìbéèrè tí iṣẹ́ Gullberg fi lé wa lọ́wọ́ ni èyí: nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń sọ pé òun kó àwọn ìwé wá, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ń kó nǹkan jọ, àbí ńṣe ló kàn ń na ọwọ́ láti ibì kan sí ibòmíràn? Kí a tó lè dáhùn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọwọ́ àwọn abínibí ń ṣe. Ìdí nìyí tí Gullberg fi máa ń fi akẹ́kọ̀ọ́ wé àwọn abínibí èdè méjèèjì, ti èdè tí ó ti ń bọ̀ àti ti èdè tí ó ń lọ bá. Láìsí àwọn abínibí, ìfòyemọ̀ lásán ni yóò jẹ́.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí lára olùkọ́

Títí dé ibí yìí, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni a ń wò. Ọwọ́ olùkọ́ náà ṣe pàtàkì. Nínú iṣẹ́ kan tí Gullberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2010, àwọn àgbà tó ń sọ Dutch, tí wọn kò gbọ́ Mandarin rí, wo ìròyìn ojú ọjọ́ ní èdè náà fún ìṣẹ́jú méje péré. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ohunkóhun. Síbẹ̀, wọ́n rí nǹkan mú nínú rẹ̀, pàápàá àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tí asọ̀ròyìn náà sì ń fi ọwọ́ tọ́ka sí àwòrán wọn. Ní 2009, Spencer Kelly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì rántí ọ̀rọ̀-ìṣe Jàpáànù dáadáa jù bí olùkọ́ bá fi ọwọ́ ya ìtumọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ. Bí ọwọ́ bá ta ko ọ̀rọ̀, ìrántí wọn ló burú jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní láti tẹjú mọ́ ọwọ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Gullberg àti Kenneth Holmqvist fi ẹ̀rọ tọpa ojú àwọn olùgbọ́, wọ́n sì rí i pé ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọwọ́ kì í sábà gba ojú wọn, àfi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá wo ọwọ́ ara rẹ̀ tàbí tí ó bá dá ọwọ́ náà dúró ní afẹ́fẹ́. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí kíláàsì kíyè sí ọwọ́ rẹ̀ ti rí ọgbọ́n kan níhìn-ín: kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ wo ọwọ́ náà.

Ohùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá ló ń gbé ọwọ́ sókè fún ohùn òkè, tí wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Ìwádìí lórí Mandarin, tí òun náà jẹ́ èdè olóhùn, gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Laura Morett àti Li-Yun Chang ní 2015, àti Florence Baills àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2019, fi hàn pé ọwọ́ tó ń tọ ipa ohùn ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra. Kì í ṣe gbogbo ìró ni ọwọ́ ń ràn lọ́wọ́: nígbà tí Yukari Hirata àti Kelly dán gígùn àti kíkúrú fáwẹ́lì Jàpáànù wò ní 2010, rírí ètè olùkọ́ wúlò, àfikún ọwọ́ kò wúlò. Bákan náà, ohùn Mandarin ń gòkè, ó sì ń sọ̀ nínú sílébù kan, nígbà tí ohùn mẹ́ta Yorùbá jẹ́ ipele mẹ́ta ní ìpìlẹ̀. Ibi gíga mẹ́ta tó dúró ṣinṣin ló bá Yorùbá mu.

Ọwọ́ òsì àti ọ̀wọ̀

Ó ku ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2001, Sotaro Kita àti James Essegbey gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí àwọn tó ń sọ èdè Ewe ní Ghana ṣe ń júwe ọ̀nà. Níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́dọ̀ Yorùbá, ìwà àfojúdi ni kí ènìyàn fi ọwọ́ òsì tọ́ka. Èèwọ̀ yìí ti tún ìfọwọ́sọ̀rọ̀ wọn ṣe: àwọn kan á fi ọwọ́ òsì sí ẹ̀yìn ìbàdí, wọn á sì na ọwọ́ ọ̀tún kọjá iwájú ara láti tọ́ka sí ohun tó wà lápá òsì. Àṣà, ara àti ọ̀rọ̀ ti di ọ̀kan.

Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn tó ń kọ́ Yorùbá ní Amẹ́ríkà, ní Bìrìtìkó tàbí níbikíbi. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kí ìyá àgbà kan pé “Ẹ gbà á, mà,” kí ó sì fi ọwọ́ òsì na ìwé sí i. Ẹnu rẹ̀ ti wí “ẹ”, ọwọ́ rẹ̀ ti wí “o”. Kò sí àṣìṣe kankan nínú gbólóhùn náà tí a lè fi yíǹkì pupa fà lábẹ́, ṣùgbọ́n ìyá náà ti gbọ́ àṣìṣe náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a lè fà yọ. Èkíní, kí a má a gba àwòrán pẹ̀lú ohùn nígbà tí a bá ń ṣe ìwádìí tàbí ìdánwò ẹnu ní Yorùbá. Ohùn nìkan sọ ìdajì nù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, kí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Yorùbá kó ọ̀rọ̀ àti ọwọ́ àwọn abínibí jọ, láti oríṣiríṣi ìlú àti ẹ̀ka-èdè, kí àkójọ náà lè jẹ́ òṣùwọ̀n fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ dé. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ lo ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí fèrèsé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí pàṣán. Àwọn ènìyàn kan ń lo ọwọ́ púpọ̀, àwọn mìíràn kì í lò ó tó bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí a gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dákẹ́.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé òun kó ìwé wá, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ká bí ẹni tó gbá nǹkan púpọ̀ jọ mọ́ àyà, olùkọ́ rẹ̀ lè fọkàn balẹ̀ pé “kó” ti kúrò ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà há sórí. Ó ti di ohun tí ó mọ̀.